Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Lórí Òrùlé Orí Rélùwéè Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ẹ mọ bí orí rélùwéè onídísù, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó máa ń fa ọkọ̀ ojú irin, tó wà ní ibùdókọ̀ wa ṣe di ohun ìtọ́jú fún wa, a kò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tó mú wa kọ̀wé ni pé òpó òrùlé ti dúró ṣùgbọ́n a kò rí páànù rà lé e, òjò sì ti tún ń rọ̀ sórí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà.

Ẹ má ṣe fi ojú irin àlòkù wò ó. Montreal Locomotive Works tó rọ ọ́ ní Kánádà ti kógbá sílé láti 1985, Alco ti Amẹ́ríkà tó ni àwòṣe ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ sì ti ṣíwájú lọ ní 1969. Ní Saint-Constant lẹ́bàá Montreal, wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Exporail. Ní Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta ní Èkó, ẹgbẹ́ Legacy tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ tún ilé rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, ti 1898, ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Àwa tí rélùwéè ń gba àárín ìlú wa kọjá kí a tó bí baba ọ̀pọ̀ nínú wa ńkọ́? Àwọn ará ìlú kejì, tí ọkọ̀ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ti kun ibùdókọ̀ tiwọn tán, wọ́n sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé àwọn kò mọ ibi tí owó àkọ́kọ́ tí a dá wọlé sí. Owó yẹn wà nínú òpó, nínú sìmẹ́ńtì àti nínú ọ̀dà. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá ṣiyèméjì lè wá wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí kò san kọ́bọ̀ ni ìbéèrè wọn pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ dìde lọ́jọ́ ìpàdé, tí ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ owó ńlá, tí a pàtẹ́wọ́ fún, tí onílù sì ki oríkì yín títí tí gbọ̀ngàn fi ń mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, ẹ rántí wa. A mọ̀ pé ọjà gbówó lórí, a sì mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ kò dúró de ẹnikẹ́ni. A kò ní dárúkọ ẹnì kan níbí. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ti san tirẹ̀ pé, kò sì sí ẹni tó lu ìlù fún un.

₦20,000 ni ti ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ₦50,000 ni ti ẹni tó wà lókè òkun. Àṣùwọ̀n ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ san án sí, kí ẹ kọ orúkọ agboolé yín sí i. A ó ka orúkọ àwọn tó san ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀, agboolé sí agboolé.

Akọ̀wé Àgbà, fún Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ