Sí Délé: omi dì lójú mi láìsí òtútù

Edinburgh,
Oṣù Kejì.

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Kú ilé o. Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń ta áìsì bílọ́ọ̀kù? Bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n má rán wọn létí ìgò tí èmi àtìwọ rọ omi kún dé ẹnu, tá a kì bọ fíríìsà wọn, tó là yányán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgò yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lánàá ní yàrá ìwádìí wa. Dáyámọ́ńdì méjì ni wọ́n kọ ṣóńṣó wọn síra, ẹ̀kán omi tín-ín-tín wà láàárín, maikirosikópù wà lókè. Ọ̀gá wa ń fún bóòtù tó ń tì wọ́n mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó tún fún un. Àfi gbà! Omi ṣú, ó sì dì, bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá ò tutù rárá. Mo ké “Yéè!”, gbogbo wọn yíjú wò mí.

Ṣé o rí i, inú yìnyín fíríìsà, àlàfo ló pọ̀ láàárín àwọn mólékù omi, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-ín-tín tó para pọ̀ di omi. Ohun tó jẹ́ kó máa léfòó nìyẹn, tó sì ń fọ́ ìgò onígò. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ gidi, yíyọ́ ló máa fẹ́ yọ́, kódà ní ìwọ̀n tó sún mọ́ -22°C. Àmọ́ tí agbára ìtẹ̀ náà bá tó bí ìlọ́po 10,000 ti afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa, àwọn mólékù á tún ara wọn tò, wọ́n á há mọ́ra. Irú yìnyín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìkẹfà nìyẹn, torí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe oríṣi yìnyín. Kì í léfòó, rírì ló ń rì. Percy Bridgman, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà, ló rí i ní Yunifásítì Harvard lọ́dún 1912.

Tẹ̀ ẹ́ tó ìlọ́po 20,000 àti díẹ̀, ó di ìkeje. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù: lọ́dún 2018 àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn bá a nínú dáyámọ́ńdì tí wọ́n wa jáde ní gúúsù Áfíríkà àti ní Ṣáínà. Omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni, dáyámọ́ńdì wá há a mọ́nú, kò fún un láyè kó fẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá tú bóòtù, tiwa yọ́ pátápátá.

Sọ fún Màmá pé mo ti rí yìnyín tí kì í fọ́ ìgò. Mo mọ̀ pé owó ìgò wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Èmi ni,
Àkànbí