Kí Wọ́n Tó Fa Ìlà Sórí Àárín Ìlú Ìlọrin

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe àárín ìlú Ìlọrin, pàápàá jù lọ agbègbè Ọjà Ọba, iwájú ààfin, àti àwọn títì tó já síbẹ̀ láti ìhà Gàmbàrí àti Ìpàta. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún àárín ìlú ṣe, tí a sì ń rí àwọn tó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé onílé, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í yà wọlé láti sọ ohun tí àmì náà jẹ́. Èmi kò lòdì sí àtúnṣe. Ó wù mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn tí yóò ya àwòrán àárín ìlú tuntun jókòó ti àwa tí a ń gbé ibẹ̀ tí a sì ń tajà níbẹ̀ kí wọ́n tó fa ìlà kan ṣoṣo, kí ó má jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá yà á tán ni wọn yóò ránṣẹ́ pè wá sí gbọ̀ngàn pé kí a wá pàtẹ́wọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ọmọ ọjà ni mí kí n tó di tíṣà. Aṣọ òfì ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Ọba. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń ka owó, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, agbaṣẹ́ṣe kan wá la gọ́tà sí iwájú ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Inú wa dùn, nítorí omi òjò ti yọ wá lẹ́nu tó. Ìyá àgbà kan wà tó ń ta wàrà ní ẹ̀gbẹ́ wa, tó ti ń jókòó sójú kan náà láti ìgbà tí ìyá mi ṣì wà láyé. Ìyá yìí dìde, ó lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ náà, ó fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí omi máa ń gbà bí òjò bá ti òkè wá. Ó ní ọ̀nà omi náà ti wà kí wọ́n tó kọ́ ilé tó kọjú sí wa, pé bí wọ́n bá gbé gọ́tà gba ibi tí wọ́n ń gbé e gbà yìí, inú ṣọ́ọ̀bù ni omi yóò wọ̀. Ọmọ náà kò rí i fín. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì ní, “Ìyá, àwòrán tí wọ́n fún wa nìyí, a ò lè yí i padà.” Òótọ́ ni ó sọ, agbára àtiyí i padà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́, omi kún gọ́tà dé ẹnu. Etí gọ́tà náà fi bí ìbú ọwọ́ kan ga ju ẹnu ọ̀nà wa lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni omi yà sí. Ìdì aṣọ òfì mẹ́fà ni mo gbé jáde lọ́jọ́ náà, tí ẹrẹ̀ ti mu wọn dé ìdajì. Kọ́ńkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà náà tún ga débi pé ọmọlanke kò lè gùn ún, nítorí náà ojú títì ni alábàárù ń sọ ẹrù sí, oníbàárà tí kò bá sì fẹ́ rin ẹrẹ̀ yóò bá ibòmíràn lọ. N kò sọ pé ẹni tó ya àwòrán náà kò mọṣẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wá wọn ilẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sì rí. Ìyá oníwàrà ti rí òjò ogójì ọdún lójú ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè kí ó tó di pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé àárín ìlú wa kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo tí èèyàn lè jókòó sí ọ́fíìsì yà. Ààfin, mọ́ṣáláṣí ńlá, ọjà, agbo ilé àti ilé kéú ló fún pọ̀ mọ́ra níbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí ọlọ́jà pàtẹ sí ní Ọjọ́bọ̀ ni olùjọ́sìn ń tẹ́ ẹní sí ní ọ̀sán Jímọ̀. Àwọn tó ni oríkì wa ní: Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó yìí kò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró síwájú ààfin lásìkò ọdún Iléyá, tó rí bí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń wọ́ bọ̀ wá kí Ẹ́míà, yóò mọ̀ pé gbàgede yẹn kì í ṣe àyè tó ṣẹ́ kù tí a lè gé sí ibùdókọ̀. Àmọ́, lórí máàpù, àyè òfìfo lásán ni yóò fara hàn bí. Ó di dandan kí ẹnìkan tó mọ ibi tí ẹṣin ń gbà wà níbi tí wọ́n ti ń ya máàpù náà.

Ọ̀rọ̀ ilé ló tún le jù. Láti ìgbà tí Ìlọrin ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1967 ni ọ́fíìsì, báńkì àti ilé ìtajà ńláńlá ti ń lọ sí ìhà Táíwò àti GRA, tí àwọn ọmọ agbo ilé tí ọwọ́ wọn sì tó nǹkan ń kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ ohun tó ṣẹ́ kù sáàárín ìlú ni ilé amọ̀ tí páànù rẹ̀ ti ṣí, tí ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn jọ jogún rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá tún un ṣe, tí kò sì sí ẹni tó tó dá a tà. Ará ìta yóò rí i, yóò ní ilé àpatì ni. Mọ́gàjí agbo ilé ló mọ ẹni tó ni yàrá wo, ẹni tó wà ní Èkó, ẹni tó wà ní Saudi, àti àwọn méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí baba wọn ti kú. Bí àwọn tó ń ṣètò kò bá gba ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí àti Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ olórí àdúgbò ńláńlá ìlú wọlé, ilé ẹjọ́ ni iṣẹ́ náà yóò parí sí.

Òfin kò sì ní kí ìjọba dá a ṣe. Òfin ètò ìlú àti agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 fi àyè sílẹ̀ fún ará ìlú láti sọ èrò wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò ìlú kankan, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dá a ní 2003 pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni agbára ètò ìlú wà. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa wo ojú Àbújá. Ìhín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ibi tí òfin ti ṣe àìtó ni ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Lábẹ́ òfin lílo ilẹ̀ ti 1978, ohun tí èèyàn kọ́ tàbí ohun tó gbìn sórí ilẹ̀ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ ní pàtàkì. Kí ni ẹni tó ti fi tábìlì kan tajà fún ogún ọdún kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọn yóò kà fún un? Oníbàárà rẹ̀ ni dúkìá rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni dúkìá rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó lè fi jẹ́rìí sí i. Irú wọn ló pọ̀ jù ní Ọjà Ọba, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

A ti rí bó ṣe ń rí níbòmíràn. Ọjà Tejuosho ní Yábàá, Èkó, jóná ní oṣù Kejìlá 2007. Nígbà tí wọ́n ṣí tuntun ní 2014, ilé náà rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kí iná tó jó o.

Ìlú tí mo fẹ́ kí wọ́n wò fínnífínní ni Durban ní South Africa. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Warwick Junction, níbi tí ojú irin, bọ́ọ̀sì àti takisí ti pàdé, tí wọ́n ní nǹkan bí 460,000 èèyàn ń gbà kọjá lójúmọ́. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, lílé ni wọ́n ń lé àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá pàtẹ sójú títì. Lẹ́yìn tí ìjọba yẹn kógbá wọlé, àwọn aláṣẹ ìlú bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe agbègbè náà ní nǹkan bí 1996, wọ́n sì gbé ọ́fíìsì iṣẹ́ náà sáàárín ọjà gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú, ti ìmọ́tótó àti ti ìlera wá ń bá àwọn ọlọ́jà jíròrò, òwò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ta egbòogi sọ tẹnu wọn, wọ́n sì kọ́ ọjà fún wọn sórí afárá títì kan tí wọ́n ti pa tì. Àwọn tó ń se orí màlú tà, tí iná àti ọ̀rá wọn lè mú kí wọ́n lé wọn dànù níbòmíràn, rí ibi tí wọ́n kọ́ kí ó bá iṣẹ́ wọn mu. Ṣùgbọ́n ní 2009, bí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ọdún 2010 ti ń sún mọ́lé, ìlú kan náà yìí fẹ́ wó ọjà àárọ̀ tó wà níbẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ ilé ìtajà ìgbàlódé. Àwọn ọlọ́jà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n lọ sílé ẹjọ́, ètò náà kò sì wá sí ìmúṣẹ. Mo fi apá kejì yìí kún un nítorí pé ìjókòópọ̀ ọdún kan kì í dáàbò bo ọjà títí láé. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé.

Báwo wá ni kí wọ́n ṣe tiwa? Kí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó wà níbẹ̀, àtoníṣọ́ọ̀bù àti onítábìlì, alábàárù àti ẹni tó ń gbé igbá kiri, kí wọ́n sì lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri ọjà níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i, nítorí mo mọ̀ pé nínú àwa ọlọ́jà náà ni a ti rí olórí tó ń ta àyè aláìní fún àjèjì. Kí wọ́n ṣe ìpàdé ní Yorùbá, pẹ̀lú ògbufọ̀ fún àwọn ará wa tó ń sọ Haúsá àti Fúlàní, kí ó sì jẹ́ ní wákàtí tí ọlọ́jà lè wá. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, ta ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù wá? Àwọn tó ń tajà alẹ́, ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì ni kí wọ́n lọ bá wọn lórí ìjókòó wọn. Kí àwọn obìnrin ní ìpàdé tiwọn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò ní la ẹnu níbi tí àgbà ilé ọkọ wọn bá jókòó sí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ wa kò lè ka àwòrán orí ìwé. Kí wọ́n fi ẹfun fa ìlà sórí ilẹ̀ gan-an, kí a rí ibi tí títì yóò gbà, bí ṣọ́ọ̀bù yóò ti fẹ̀ tó, ibi tí gọ́tà yóò wà. Kí onítábìlì gbé tábìlì rẹ̀ sáàárín ìlà tí wọ́n fà fún un, kí ó jókòó, kí ó wò ó bí oníbàárà bá rí àyè dúró. Ẹfun kò wọ́n, a sì lè fi omi fọ̀ ọ́ kúrò bí a bá rí àṣìṣe. Gọ́tà tiwa ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn kan yóò ní ìjíròrò ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó lè fi oṣù díẹ̀ falẹ̀ lóòótọ́. Àwa náà sì ní ohun tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀: a ti gbé agboorùn dé àárín títì tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ panápaná kò lè kọjá bí iná bá ṣẹ́ yọ, a sì ń da ọ̀rá ike àti èèpo sínú gọ́tà kan náà tí a ń kígbe lé lórí. Bí ìjọba bá fọwọ́ sí ìwé pé ìlà kan ni wọn yóò wó lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri yóò padà sí àyè rẹ̀ ní owó tó lè san, ó yẹ kí àwa náà fọwọ́ sí i pé ọjà kò ní kọjá ìlà mọ́, kí a sì gba ìtanràn bí a bá yẹ̀ ẹ́.

Ìyá oníwàrà ti dolóògbé báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń jókòó síbẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣètò ìlú bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, kí wọ́n má sì kó ìwé kankan lọ́wọ́. Àga mẹ́rin wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí wọ́n jókòó títí òjò yóò fi rọ̀, ọmọ náà yóò sì fi ibi tí omi ń gbà hàn wọ́n.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ta aṣọ òfì ní Ọjà Ọba,
Ìlọrin.