Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹni Tí Ó Ń Fi Ẹ̀gbẹ́ Kan Jẹun

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Èsì ìdánwò baccalauréat, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ àbíkẹ́yìn yín sì wà nínú rẹ̀. Omijé ayọ̀ kò tíì gbẹ lójú mi tí ọmọ náà fi sọ pé iṣẹ́ dókítà ehín ni òun fẹ́ kọ́, ó sì bi mí pé, "Bàbá, kí ló mú yín yan ehín?" Mo ní kí ó fún mi láyè kí n rò ó. Kàkà kí n dá a lóhùn, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí lóru yìí.

Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tí mo wá bá yín lágbàlá wa ní Kétu, tí mo sọ pé ehín ni mo fẹ́ yàn. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ oko kúrò lẹ́sẹ̀, ẹ ní, "Ehín kẹ̀? Èyí tó bá ń dunni, ṣebí a ó yọ ọ́ dànù ni." Síbẹ̀ ẹ ta àgbàdo ọdún yẹn pẹ̀lú ẹ̀pà tó kù nínú àká, ẹ kó owó náà lé mi lọ́wọ́, mo sì lọ kọ́ ọ ní Dakar, ní ilẹ̀ Senegal.

Ohun tí mo bá lọ́hùn-ún ni ó yẹ kí n sọ fún ọmọ yín. Wọ́n kọ́ wa pé ohun tí ń jẹ ehín kì í ṣe kòkòrò bí èyí tí ń jẹ ẹ̀wà, bí àwọn àgbà wa ti rò. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, tí ń gbé nínú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ehín. Ṣúgà tí a jẹ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan, omi náà sì ń yọ́ ara ehín díẹ̀díẹ̀. Èèpo ehín kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ ìrora, nítorí náà ó lè máa bàjẹ́ fún oṣù pípẹ́ láìdunni rárá. Nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ àbàwọ́n funfun lásán, itọ́ ẹnu àti ọṣẹ tí a fi ń fọ ehín, èyí tó ní èròjà fluor tí ń mú ehín le nínú, lè tún un ṣe. Bí ó bá ti di ihò, kò tún lè hù padà mọ́. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nìyí: iṣẹ́ tí èèyàn ti lè ṣáájú ìrora dé.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ kan kò jẹ́ kí n sinmi. Ọdún karùn-ún ẹ̀kọ́ mi ni, mo wá sílé fún ìsinmi, ìyàwó yín sì gún iyán pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Mo rí i pé apá ọ̀tún nìkan ni ẹ fi ń jẹ ẹran náà. Ẹ ń fi ahọ́n tì í lọ síbẹ̀, ẹ ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ó má bàa kan apá òsì, nígbà tí ẹ sì jẹun tán, ẹ mu ọtí sodabi, ẹ dá a dúró lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì kí ẹ tó gbé e mì. Mo mọ ohun tí mo ń wò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yanu kí n wò ó." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Jẹun, àbúrò. Ẹnu àgbà kọ́ ni ọmọdé ń yọjú wò." Mo sì jẹun. Títí di òní, òkèlè yẹn ṣì wà lọ́nà ọ̀fun mi. Mo mọ bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ tọrọ owó ìwé lọ́wọ́ yín. N kò dọ̀bálẹ̀ kí n tọrọ pé kí ẹ yanu.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí ní Dakar. Gbòǹgbò ehín ńlá ìsàlẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, sún mọ́ abẹ́ ahọ́n. Bí ọyún bá ti ibẹ̀ tàn, ahọ́n lè wú sókè kí ọ̀nà èémí sì dí. Wọ́n ní ẹ wú láti àgbọ̀n dé ọrùn, ẹ kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Wọ́n gbé yín gba ọ̀nà Ìpóbẹ̀ kí wọ́n lè mú yín dé ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ẹ kò dé Àjàṣẹ́.

Ẹ dárí jì mí, inú ń bí mi sí yín. Oṣù mélòó ni ẹ fi ń ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri lọ́jà, tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ náwó kí n lè mọ ehín àwọn ẹlòmíràn, ẹ wá fi tiyín pamọ́ fún mi.

Àjàṣẹ́ yìí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì ń rí yín lójoojúmọ́. Àwọn aláìsàn máa ń wá nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú, wọn a ní, "Dókítà, ẹ bá mi yọ ọ́." Ìyá kan yóò san owó ehín tí mo yọ fún ọmọ rẹ̀ láìjiyàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó mú àbúrò ọmọ náà wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò, yóò bi mí pé, "Ṣé ehín ń dùn ún ni?" Bí ọmọ bá tó ọdún 6, ehín ńlá kan máa ń hù lẹ́yìn àwọn ehín wàrà láìjẹ́ pé ọ̀kankan ká, àwọn ìyá sì rò pé ehín wàrà ni, pé yóò ká. Kò ní ká. Òun ni ọmọ náà yóò fi jẹun títí ayé. Wọ́n a máa wí pé funfun ni iyì ehín, wọn kò sì wo ẹ̀yìn ẹnu. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nǹkan bí bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni àrùn ẹnu ń bá jà, ó sì ṣe mí bíi pé orí àga ìtọ́jú ehín kan ṣoṣo tí mo ní ni gbogbo wọn ń bọ̀.

Gbèsè àga náà kò tíì tán. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo fẹ́ kí ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ yìí, àyà sì ń fò mí, nítorí n kò mọ bí yóò ṣe jẹun nídìí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ní alẹ́ àná, a jọ ń jẹun, ó sì dẹ́kun, ó ń wò mí. Ó ní, "Bàbá, láti ọjọ́ wo ni ẹ ti ń fi apá òsì nìkan jẹun?" Ó ti tó oṣù méjì, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún un pé kí ó jẹun. Ó gbé abọ́ kúrò níwájú mi, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Mo yanu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Kùtọnú ni a ń lọ, ọmọ yín ni yóò sì wa ọkọ̀.

Èmi ni, àbúrò yín.