Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí kárọ́ọ̀tì fi dorí òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá pé kí ni òṣùwọ̀n ń ṣe lórí àtẹ wa ní Bódìjà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa ra kárọ́ọ̀tì láti ìgbà tí a ti ń kó o jọ ní márùn-ún márùn-ún. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kan owó yín, ó tọ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Ìsọmọlórúkọ kan ló là mí lójú. Oníbàárà wa kan ní Mọ́kọ́lá pè wá pé ká bá òun ṣa kárọ́ọ̀tì 40 sílẹ̀, fúráìdì ráìsì lòun fẹ́ fi sè fún àlejò. A ka 40, ó pé, a ò yọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tín-ín-tìn-ìn-tín ni gbogbo kárọ́ọ̀tì tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má sanra ju ìka lọ. Ìgbà tí wọ́n máa gé e tán, kò dé ìdajì abọ́. Ni wọ́n bá ń sáré rán ọmọ lọ sọ́jà, iná sì ti ń jó lábẹ́ ìkòkò. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n kàn ní, "Ìyá, ogójì tìjọ́sí kọ́ nìyí." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Iye pé, kárọ́ọ̀tì ò tó.

Òkè Ọya ni kárọ́ọ̀tì wa ti ń wá, láti agbègbè Jos, Zaria àti Kano. Ọkọ̀ kan lè kó èyí tó sanra bí ọmọ odó wá, kí èyí tó tẹ̀ lé e kó wẹ́wẹ́. Mo wá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè fojú ara mi rí i. Èyí tó gùn láti ọrùn ọwọ́ mi dé orí ìka àárín wọ̀n tó nǹkan bí 60 gíráàmù, bí 16 irú rẹ̀ ló sì wọ kílò kan. Nínú àwọn tó sanra, márùn-ún péré ti di kílò. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ra márùn-ún lónìí àti ẹni tó ra márùn-ún lọ́la ò ra ohun kan náà.

Tí ẹ bá ń fi ife ìdíwọ̀n sè, èyí tó gba 240 mílílítà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò, kárọ́ọ̀tì tí ẹ gé wẹ́wẹ́ tó kún ife kan máa ń tó 128 gíráàmù, ìyẹn méjì nínú èyí tó gùn tó ọwọ́. Bí ẹ bá rin ín bí ẹni rin ilá, ife náà ò ní gbà ju bí 110 lọ, torí kò ní ki mọ́ra. Ẹ má sì gbàgbé èèpo àti orí. Mo bó kílò kan níwájú àwọn ọmọ ìsọ̀, 860 gíráàmù ló ṣẹ́ kù. Èyí tó tín-ín-rín máa ń dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ara rẹ̀ bá dán, èmi kì í bó o rárá, kànrìnkàn mímọ́ àti omi ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Fún kílò ìrẹsì kan, 400 gíráàmù ni mo máa ń lò fún fúráìdì ráìsì nílé mi.

Ní ti ṣíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa lọ bá èyí tó tóbi jù. Àárín rẹ̀ lè le bí igi. Ó dáa fún ohun tí ẹ fẹ́ lọ̀ tàbí sè pẹ́, ṣùgbọ́n fún saláàdì, èyí tó mọ níwọ̀n ló dùn lẹ́nu. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ó yẹ kó dún pá. Èyí tó ń tẹ̀ bí okùn, omi ara rẹ̀ ló ti gbẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, yóò tún le. Orí rẹ̀ tó bá dúdú bí ewé, oòrùn ló rí i nínú oko, ó sì lè korò: ẹ gé ibẹ̀ sọnù, ẹ jẹ ìyókù. Èyí tó la ẹsẹ̀ méjì, òkúta ló pàdé nínú ilẹ̀. Adùn rẹ̀ ò yàtọ̀, owó pọ́ọ́kú ni a sì ń tà á. Èyí tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ má gbà á, kódà bó jẹ́ èmi ni mo gbé e fún yín.

Ẹ má fi sílẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù tí ẹ fi gbà á. Omi á gbára jọ sínú rẹ̀, kó tó di ọjọ́ mẹ́ta ó ti ń rà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ tàbí bébà wé e, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú firíìjì, kó má sì sún mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tàbí ápù, wọ́n máa ń sọ ọ́ di kíkorò. Níbi tí iná ò bá dúró, ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa sè. Ẹ fi epo díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń sè é, torí èròjà inú rẹ̀ tí ara ń sọ di fítámì A kì í wọ ara dáadáa láìsí epo.

Tí ẹ bá ń pè wá lórí fóònù, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sè àti iye ẹni tó máa jẹ ẹ́, a ó bá yín ṣírò kílò rẹ̀. Tí ẹ bá sì dé orí àtẹ, ẹ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n kí a tó gbé nǹkan lé e: ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí òdo. Àwọn kan ti ń sọ pé òṣùwọ̀n ti gba èènì lọ́wọ́ àwọn. Kò gbà á o. Ìgbà tí ọwọ́ òṣùwọ̀n bá ti dúró, tí ẹ ti rí kílò yín, ni mo máa ń ju èènì sínú àpò yín, lójú yín.

Èmi ni,
Ìyá eléwébẹ̀ yín, Bódìjà, Ìbàdàn