Ṣé O Ń Sùn, Àjàní?

Ṣágámù,
Ọjọ́ Àìkú.

Àjàní ọmọ mi,

Inú àpò gàrí tí Ìyá Bọ̀dé ń gbé bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fi lẹ́tà yìí sí. Bí mo bá pè ọ́, "mo ti gbọ́, mà" ni wàá sọ, wàá sì pa fóònù.

Àǹtí rẹ ní o jágbe mọ́ òun nítorí ìkòkò tí ó ní kí o fọ̀. Ó ní o kan ọmọ kan ní ẹ̀ṣẹ́ ní kíláàsì nítorí pé ó jí ọ lójú oorun. Ìwọ, tí o máa ń sunkún bí a bá fẹ́ pa adìẹ! Ṣùgbọ́n ìjà kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ó ní bí òun bá dìde lóru lọ tọ̀, ní nǹkan bí aago méjì, òun a máa rí iná fóònù lábẹ́ ìbora rẹ. Ṣé o ń sùn?

Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi (ó ti wálẹ̀ díẹ̀). Ó ní ọmọ ọdún 13 sí 18 yẹ kó máa sùn wákàtí 8 sí 10. Mo ka tìrẹ lórí ìka: aago méjì sí aago márùn-ún ààbọ̀. Àjàní! Ó ní ọmọ tó ń bàlágà, oorun rẹ̀ a máa pẹ́ dé ju ti àgbà lọ, ara ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fóònù a sì tún máa lé e sẹ́yìn. Ẹni tí kò sùn tó, ọ̀rọ̀ kékeré a máa dà bí ìwọ̀sí létí rẹ̀.

Ìyẹn ò ní kí o bú àgbà o. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún àǹtí rẹ kí o tó ka ìyókù.

Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí ẹ̀gbọ́n rẹ láti bá mi bó pákí. Bó bá tòògbé, mo máa ń da omi tútù sí i lára. Nígbà tó di oníbìínú, mo ní ẹ̀mí burúkú ni, mo mú un lọ sílé àdúrà. Ọjọ́ mẹ́ta tó lò níbẹ̀, oorun ló fi sùn lórí ẹní. Ẹ̀rín ló bá dé ilé. Mo dúpẹ́ pé àdúrà gbà, nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tún jí i ní aago mẹ́rin. Oorun ni, Àjàní. Oorun lásán ni ọmọ mi ń wá. Títí dòní, "ẹ kú iṣẹ́, mà" nìkan ló ń bá mi sọ.

Máa fún àǹtí rẹ ní fóònù náà láago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí kì í bá ṣe fóònù ló ń gba oorun lójú rẹ, bí ẹnì kan bá ń dẹ́rù bà ọ́, sọ fún mi, mi ò ní bínú. Ó dáa, màá bínú díẹ̀.

Owó ìwé rẹ wà nínú lẹ́tà yìí. Má pè mí. Kọ èsì sínú ìwé, kí o fún Ìyá Bọ̀dé: ṣé o ń sùn?

Ìyá rẹ ni.