Wáyà pílọ́ọ̀gì mẹ́fà

Ìtamága, Ìkòròdú.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa níhìn-ín, òjò nìkan ni kò jẹ́ ká rímú mí.

Unimog tí mo sọ fún ọ, ọkọ̀ akẹ́rù sójà yẹn, ti jí. 404 ni, irú tí àwọn sójà Jámánì fi ń gbé rédíò kiri, tí Mercedes ṣe láti 1955 títí di 1980. Bẹntiróòlù tó ń mu pọ̀, n kò ní purọ́ fún ọ, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fa dáńfó kan tó rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́ jáde bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Orí mi wú. (Mo ti fi ọ̀dà búlúù kùn ún. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní sójà.)

Ọ̀rọ̀ iná rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Bátìrì méjì ló ń lò, 12 fóòtì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a so tẹ̀lé ara wọn kó lè di 24. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ní kí rewáyà fa iná hóònù àti ti kásẹ́ẹ̀tì láti ara bátìrì kan ṣoṣo, torí 12 ni wọ́n ń jẹ. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fa iná lára rẹ̀ kì í kún láé, iná a sì máa pọ̀ jù fún èkejì títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra bátìrì tuntun kí n tó mọ̀ pé bátìrì kọ́ ló ń ṣàìsàn. Mo já gbogbo wáyà yẹn dànù, mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24 di 12. Ó tán síbẹ̀.

Ó wá ku rédíò. PRC-320 ni mo fi sí i, ti àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2 dé 30 MHz (òǹkà ìgbì rédíò) ló ń gbọ́, 24 fóòtì kan náà ló sì ń jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wà á lọ sétí ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yí rédíò sí 7 MHz. Àkànní, ohùn ènìyàn ń ti òkèèrè wọlé, ó mọ́ kedere. N kò gbọ́ èdè wọn, síbẹ̀ n kò lè dìde. Bí mo ṣe dá ẹ́ńjìnnì padà, ariwo bí ẹni ń dín àkàrà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ariwo náà á tún yára sí i.

Wáyà pílọ́ọ̀gì ló fà á. Gbogbo ìgbà tí iná bá ta nínú ẹ́ńjìnnì, rédíò ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi irin híhun bo wáyà náà láti orí dé ìdí kí ariwo má baà jáde. Ẹnìkan ló tú gbogbo rẹ̀ kúrò, tó fi wáyà ọkọ̀ lásán rọ́pò. Ó dùn mí wọra. Mo ti ha ìdọ̀tí àti ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà áàsì (èyí tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀) ti kan bọ́dì, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń jẹ irin níbí, ariwo náà dín díẹ̀, kò lọ.

Jọ̀ọ́, bá mi wò ó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù sójà níbẹ̀ yẹn. Wáyà mẹ́fà, pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì tiwọn, torí orí pílọ́ọ̀gì wọn yàtọ̀ sí tọjà. Bí o bá rí rọ́bà tó ń dí omi ní ìdí táyà, fi mẹ́rin kún un. Lẹ́yìn àgbàrá Ìjẹ̀dẹ́, ọ́ìlì ìdí táyà kan funfun bí ògì nígbà tí mo tú u.

Gbígbọ́ nìkan ni mò ń gbọ́ báyìí o. Ìwé àṣẹ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ni mò ń lé, n kò ní tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ láìrí i gbà. Bó bá jáde, 14 MHz lọ́sàn-án ni kí o ti máa retí mi.

Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni,
Àlàbí