Owó ẹnu ọ̀nà l'Abẹ́òkúta: ẹ kọ iye rẹ̀ sára ògiri

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọlẹ̀ kí n tó kọ̀wé yìí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi lọ gbafẹ́ l'Abẹ́òkúta. A sanwó títí ó fi sú wa. Owó tá a san gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò síbì kan tí wọ́n kọ iye tí àlejò máa san sí, kò sì sẹ́nì kan tó fún wa ní rìsíìtì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi ìgbafẹ́ nílẹ̀ yìí rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́nu ọ̀nà ibi tá a kọ́kọ́ dé (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan kọ́), àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi káàdì kọ́rùn dá takisí wa dúró. Kò sí orúkọ kankan lára káàdì náà. Wọ́n ní ká mú owó páàkì wá. A san án. Ọkọ̀ ò tíì dúró dáadáa tí ẹlòmíràn fi kan fèrèsé, ó ní àwọn tó gbowó níwájú kì í ṣara àwọn, owó tòun ló tọ́. Dẹ́rẹ́bà wa ní ká má jiyàn, ká ṣáà fún un. A fún un.

Nígbà tá a dé géètì, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì wò mí látòkè délẹ̀. Mo wọ ṣòkòtò péńpé, awò dúdú wà lójú mi, mo sì ń bá ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù. Ó ní, “Ọ̀gá, ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.” Ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀gbá ni, Aké ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Ó sún mọ́ tábìlì, ó fi ẹnu ilé ìyá rẹ̀ kí obìnrin náà kú ìjókòó, ó kí i kú oòrùn, ó béèrè àwọn ará ilé. Ni ojú bá yí padà. “Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ nilé! Ẹ mú ₦2,000 wá fún ẹ̀yin méjèèjì.”

Inú ẹlòmíràn ì bá dùn. Ìyàwó mi gan-an ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí owó bá lè já wálẹ̀ láti ₦10,000 sí ₦2,000 torí pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n kí, owó wo nìyẹn? Ta ló fi í lélẹ̀? Àpò ta ló ń lọ? Ẹni tó wá láti Sókótó tàbí Kàlàbá ńkọ́, tí kò fẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá síyàwó? Iye owó ò sí lára ògiri, ẹnu ẹni tó ń gbà á ló wà.

A ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan fi tọ́ka sí fóònù ọwọ́ mi, ó ní owó kámẹ́rà. Fóònù! Ta ni kò ní fóònù mọ́ láyé yìí? Mo ní kó fún mi ní rìsíìtì, ó ní ìwé rìsíìtì ti tán láti àárọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn, ó ní kò burú, ó sì ka nọ́ńbà kan fún mi. Nígbà tí orúkọ jáde lójú fóònù, orúkọ èèyàn ni, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan. Mo bi í pé ta lẹni yẹn. Ó ní, “Dádì, ṣé ẹ fẹ́ wọlé àbí ẹ ò fẹ́ wọlé?”

Ó yẹ kí n sọ rere tí mo rí níbẹ̀ pẹ̀lú. Atọ́nà tó mú wa kiri dáńtọ́. Ó sọ bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 nígbà tí ogun ti tú wọn ká kúrò nílé, ó sọ bí ọmọ ogun Dàhòmì ṣe wá ká ìlú mọ́ ní 1851 tí wọ́n sì fi ìtìjú padà. Bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé ó wà lórí odi ìlú lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ó wo ẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kò sí owó oṣù kankan, ohun tí àlejò bá fi sílẹ̀ lòun ń jẹ. Ẹ wá gbọ́ mi, Olóòtú: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an kò gba kọ́bọ̀ nínú owó tá a san ní géètì. Ta ló wá ń gbà á?

Ọmọkùnrin yìí náà ló sọ̀tàn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ká mi lára. Ó sọ nípa ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà tó dìde lòdì sí owó orí lẹ́yìn ogun Hitler. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: wọ́n tú yááyáá lọ sí ààfin, wọ́n ń kọrin, wọn ò gbà, títí Aláké Adémọ́lá fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, tí wọ́n sì mú owó orí kúrò lórùn àwọn obìnrin. Ìlú tó gbé irú ìjà bẹ́ẹ̀ jà ni àlejò ti ń san owó orí lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan báyìí. Owó orí ti ìgbà náà burú, ṣùgbọ́n ó níye. Obìnrin ọjà mọ iye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun kó tó sọ pé òun ò san. Èmi ò mọ̀ ọ́n títí mo fi padà sílé.

A gun Olúmọ náà. Ibẹ̀ dára, atẹ́gùn ń fẹ́, èèyàn ń rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ bẹẹrẹbẹ títí dé ibi tí ojú mọ. A dé ọjà Ìtòkú, ìyàwó mi ra àdìrẹ. Obìnrin kan níbẹ̀ fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ níṣojú wa, ó ní ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀, funfun ló máa dúró. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa fún àlàyé yẹn. Nígbà tó kan aṣọ rírà, ó dá owó gọbọi lé e, ìyàwó mi já a, wọ́n pariwo léra wọn lórí, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò bí mi nínú rárá. Ọjà ni, ìnájà ló wà fún. Ṣùgbọ́n ta ló ń ná owó lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ìtàn ìlú wà?

Kì í ṣe èmi nìkan. Olùkọ́ kan ládùúgbò wa kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí irú ibẹ̀ kan. Ó ti fóònù ṣáájú, wọ́n sọ iye fún un, àwọn òbí dá a. Nígbà tí wọ́n dé géètì, iye ti yí padà, ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù “ò sí níbí lónìí.” Àwọn ọmọ kan ló wọlé, àwọn tó kù jókòó sínú bọ́ọ̀sì wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Àbúrò ìyàwó mi náà ní irú rẹ̀ ṣe òun nígbà tóun mú àlejò wá láti Jámánì, wọ́n bu owó lé òyìnbó yẹn débi tí ojú fi ti òun.

Àwọn aláṣẹ wa mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọn ò mọ̀. Bí wọ́n bá gbé makirofóònù lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní ìrìn-àjò afẹ́ ló máa rọ́pò epo rọ̀bì. Wọ́n á ṣe àpérò sí òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Bí wọ́n bá wá sí ibi ìgbafẹ́ fúnra wọn, wọn kì í sanwó géètì, torí náà báwo ni wọ́n á ṣe mọ bó ṣe ń dùn? Ìlú tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, tó jẹ́ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ni kò rí ẹni tó máa kọ iye owó sára pátákó kan ṣoṣo. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì mélòó ló máa gbà?

Mo ti ro ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe dáadáa, inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti rò ó nígbà tá à ń bọ̀ l'Ékòó. Mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè lápò, mo wò ó: iye owó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ìjókòó wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ibo ni mí kó tó tà á fún mi. Kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ibi ìgbafẹ́ tó wà nínú ìlú. Ẹni tó bá rà á, kó máa fi í wọlé níbi gbogbo láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Kí wọ́n máa tà á ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ní àwọn gáréèjì, àti ní òtẹ́ẹ̀lì tí àlejò ń sùn sí, kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan owó lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Kí owó fóònù àti owó kámẹ́rà wà nínú rẹ̀.

Kí ìwé náà ní etí tó ṣe é ya, etí kan fún ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa ya tirẹ̀, á kó o sínú àpótí. Lópin ọ̀sẹ̀, iye etí tí ibì kan bá kó wá ni wọ́n máa fi pín owó fún un. Bí ẹnu ọ̀nà kan bá ń gba èrò wọlé láìya ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní rówó gbà, torí náà àwọn tó wà níbẹ̀ ló máa máa ṣọ́ ara wọn. Kí wọ́n yọ apá kan sọ́tọ̀ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan fún atọ́nà, kó máa wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù. Iye ti ọmọ iléèwé, iye ti àgbàlagbà, iye ti òyìnbó bí wọ́n bá fẹ́ kó san ju tiwa lọ, kí gbogbo rẹ̀ wà lára ìwé àti lára ògiri ní nọ́ńbà gbàǹgbà. Mi ò ní kí wọ́n dín owó kù o. Bí wọ́n bá ní ₦10,000 ni, kí wọ́n kọ ₦10,000. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá ká a á jókòó sílé rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà wa ní bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí làwọn ọmọ ẹnu ọ̀nà máa jẹ? Kí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ láti máa ya ìwé. Ẹni tó lè fojú wo ṣòkòtò mi kó mọ iye tó wà lápò mi, kò sí ìṣirò tó máa le fún un.

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n máa bu omi sí i. Ti takisí tó ń gbé èèyàn láti ibùdókọ̀ ojú irin wọ ìgboro, kí wọ́n fi iye tirẹ̀ náà lélẹ̀. Àwọn pátákó ìtàn, kí wọ́n kọ Yorùbá síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyàwó mi ti ń sọ pé Òṣogbo ló kàn, pé òun fẹ́ rí igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Mo ti sọ fún un pé mi ò ní kọ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá mi béèrè iye tí wọ́n ń gbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé ránṣẹ́ sí wa. Ó ní kò sẹ́ni tó máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó ní òun á kàn wá bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ṣómólú, Èkó.